Kí BLO Tó Di BLO: Ìtàn Ẹgbẹ́ Olórin Rọ́ọ̀kì Kan ní Èkó

Bí a bá bi àwọn tó ń kó àwo orin àtijọ́ jọ ní ọdún tí ẹgbẹ́ BLO bẹ̀rẹ̀, ọdún 1972 ni wọn yóò dárúkọ, wọn kò sì parọ́. Ọdún náà ni àwọn ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan láti inú orúkọ wọn so ẹgbẹ́ náà lórúkọ: Berkely Jones tó ń ta gìtá, Láolú Akíntóbi tó ń lu ìlù, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins, àti Mike Gbénga Odùmósù tó ń ta gìtá béèsì. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti 1972 ti fo apá tó dùn jù nínú rẹ̀ dá. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni Jones àti Láolú ti fi jọ ń ṣeré kí orúkọ yẹn tó wáyé, nínú àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, lábẹ́ àwọn ọ̀gá mìíràn, pẹ̀lú orin tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ náà kò ṣàdédé hù.

The Clusters ni ẹgbẹ́ tí àwọn méjèèjì ti jọ ṣeré láti 1966 títí di 1970. Àwọn ènìyàn a máa pè wọ́n ní Beatles ilẹ̀ Nàìjíríà, nítorí pé orin àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kọ jù. Mo mọ̀ pé irú oyè bẹ́ẹ̀ lè dún bí ẹ̀gàn létí wa lónìí, àmọ́ iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Olórin gbọ́dọ̀ jókòó ti giramafóònù, kí ó fi etí nìkan tú gbogbo ohùn inú àwo sí wẹ́wẹ́ láìsí ìwé orin, kí ó sì lọ tún un ṣe níwájú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ra àwo kan náà, tí wọn yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ṣì í ta. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ fún ọdún mẹ́rin, etí rẹ̀ á mú.

Oṣù mẹ́fà nínú àkókò náà ni The Clusters fi ń gbe orin lẹ́yìn Geraldo Pino, olórin láti Sierra Leone tó kó orin soul irú ti James Brown wọ Èkó. Fẹlá tìkara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé bí Pino ṣe gba ìgboro nígbà náà mi òun tìtì. Mo gbà pé oṣù mẹ́fà yẹn kọ́ Láolú àti Jones ní ohun tí àwo orin kò lè kọ́ wọn, ìyẹn bí ènìyàn ṣe ń dúró lórí ìtàgé, bí a ṣe ń mú kí èrò má jókòó, àti bí ìlù kan ṣoṣo ṣe lè máa lọ títí láìyí ìṣísẹ̀ padà tí kò sì ní sú ẹnikẹ́ni. Àkókò ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ló sì tún ṣe kòńgẹ́ eléyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin háílífù tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn ti padà sílé, àyè sì ṣí sílẹ̀ ní àwọn ilé ijó Èkó. Jùjú gba apá kan nínú àyè yẹn, soul àti rọ́ọ̀kì gba apá kejì.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin kì í sọ tó, òun sì ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni irinṣẹ́. Ẹgbẹ́ jùjú lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá kan tí ẹnìkan yá wọn. Ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá oníná, áńpù, gbohùngbohùn àti odindi ìlù òyìnbó tí a ń fi igi àti ẹsẹ̀ lù, láti òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wá, owó wọn sì ju ohun tí ọ̀dọ́ kan lè dá kó jọ lọ. Nítorí náà, onílé ijó tàbí oníṣòwò kan ló sábà máa ń ra irinṣẹ́, tí yóò wá gba àwọn olórin síṣẹ́ oṣù. Bí ìjà bá dé, irinṣẹ́ a dúró, olórin a lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹgbẹ́ tó ń tú ká tó sì ń yí orúkọ padà ní ọdọọdún ní Èkó ìgbà náà kì í ṣe nítorí ìwà àìnísùúrù àwọn olórin nìkan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tó ni áńpù ti bínú. Láìsí iná ìjọba sì rèé, gbogbo irinṣẹ́ náà kò wúlò ju pákó lọ. Ọdún 1972 kan náà tí BLO bẹ̀rẹ̀ ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Mo fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ bá NEPA gbé.

Ní 1970, Láolú àti Jones fi The Clusters sílẹ̀, wọ́n sì dá Afrocollection sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbejì obìnrin nì, Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù. Odùmósù darapọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti kúrò nídìí orin àdàkọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ohun tí wọ́n kọ́ lára òyìnbó pọ̀ mọ́ ìlù ilé. Ibẹ̀ náà ni Ginger Baker ti bá wọn. Baker ni onílù ẹgbẹ́ Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wa ọkọ̀ Range Rover la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó ní 1971, wọ́n sì ya ìrìn àjò náà sí fíìmù. Ó dá ẹgbẹ́ tó pè ní Salt sílẹ̀, ó fi Jones, Láolú àti àwọn ìbejì Líjàdù sínú rẹ̀, wọ́n sì ṣeré lọ sí òkè òkun, títí kan Jámánì ní ọdún tí wọ́n ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ní Munich. Kí ọdún 1972 tó parí, Salt ti tú ká.

Àwọn òyìnbó tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé Baker ló ṣàwárí àwọn ọmọ wọ̀nyí nínú igbó. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú iṣẹ́ ló bá wọn, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tiwọn, pẹ̀lú orin tiwọn, pẹ̀lú èrò tó ń sanwó wọlé wá wò wọ́n. Ohun tó fún wọn ni àǹfààní láti gun ìtàgé ńlá, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí bí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè ṣe ń ṣe ètò wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1973 ó ṣí sítúdíò kan sí Ìkẹjà tó pè ní ARC, èyí tó kún sítúdíò EMI tó ti wà ní Àpápá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Paul McCartney wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún yẹn, Àpápá ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ya Ìkẹjà fún orin kan. Mo ń sọ èyí kí a lè rí i pé ìlú tí BLO ti jáde kì í ṣe abúlé orin.

Nígbà tí Salt tú ká, àwọn mẹ́ta tó kù nílẹ̀ kò pe ẹlẹ́kẹrin. Kò sí afọnfèrè, kò sí atẹdùùrù, kò sí akọrin tó dúró níwájú tí kò mú nǹkan lọ́wọ́. Lójú Yorùbá tó mọ ẹgbẹ́ jùjú tó lè tó ogún ènìyàn, ohun àrà gbáà ni. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta kò fi àyè sílẹ̀ kí ọ̀kan sinmi. Nínú ẹgbẹ́ tí gìtá jẹ́ ẹyọ kan, bí Jones bá ń fi gìtá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gígùn, béèsì Odùmósù ni yóò di orin náà mú kí ó má bàa ṣófo, ìlù Láolú ni yóò sì kún ibi tí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò dé. Ẹ gbọ́ wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé béèsì kì í tẹ̀lé gìtá lẹ́yìn. Ó ń bá ìlù ṣe àdéhùn tirẹ̀ lábẹ́, bí ìyáàlù àti omele ṣe ń ṣe é, gìtá sì ń rìn lókè wọn bó ṣe wù ú. Ẹni tí kò bá tíì bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣeré fún ọdún púpọ̀ kò lè ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe àwọn ọdún tó ṣáájú 1972 ní apá tó dùn jù nínú ìtàn náà.

EMI ló gbé àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọrin inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dá lórí ilẹ̀ ayé, oòrùn, oníwàásù àti àlàáfíà láàárín ènìyàn. Jones lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti máa lọ́ ohùn gìtá, ó sì jẹ́ kí ohùn náà máa há títí. Kò sí ìkánjú nínú àwo náà. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ké sí Ìyá Ilẹ̀ léraléra lọ́nà tó jẹ́ pé, bí a bá mú gìtá kúrò, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè rò pé níbi ìbọ ni òun wà. Àwo yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, àwo yìí náà ni kò tà bí wọ́n ṣe retí.

Kí ló dé tí kò fi tà? Àwọn kan á ní orin náà le jù fún etí wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, kì í ṣe ti etí. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń wọ àpò olórin nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Epo rọ̀bì ti ń mú owó wọlé, náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973 gan-an, ayẹyẹ sì kún ìgboro: ìsìnkú, ìkómọ, ìṣílé, ìwúyè. Olórin jùjú a kọrin, a ki onínàáwó, a darúkọ bàbá àti bàbá bàbá rẹ̀, a pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sápá ọ̀tún, gbogbo wọn a sì dìde máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Àwo orin tí ilé iṣẹ́ gbé jáde dà bí ìkéde lásán. Owó gidi wà ní agbo ijó. Ta ni yóò wá pe ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì síbi òkú bàbá rẹ̀? Oríkì ta ni wọn yóò kì, nígbà tó jẹ́ pé orí oòrùn àti ilẹ̀ ni orin wọn dá lé? Bí onínàáwó tilẹ̀ dìde, níwájú orí ta ni yóò lẹ owó náà mọ́, nígbà tí ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí, tí wáyà iná sì tẹ́ rẹrẹẹrẹ sílẹ̀?

Owó ẹnu ọ̀nà ni ẹgbẹ́ bíi BLO gbójú lé. Àwọn ọ̀dọ́ ni oníbàárà wọn, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa pọ̀ ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àwo orin kan lè wà lọ́wọ́ ẹnìkan ní gbọ̀ngàn ibùgbé, kí ogójì ènìyàn sì máa gbọ́ ọ. Òkìkí wọn ń kàn, àpò wọn kò kún. Àwọn òbí pàápàá kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ojú alágbe ni ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá fi ń wo olórin, ṣùgbọ́n alágbe jùjú ṣì ń wọ agbádá, ó sì ń kí àgbà bó ṣe yẹ. Èyí tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀, tí irun rẹ̀ sì dúró gángan, kò rí ẹni gbè é lẹ́yìn.

Síbẹ̀ ìdàgbàsókè ẹgbẹ́ kan kì í hàn nínú iye àwo tó tà nìkan. Ní ọdún 1973 kan náà, àwọn ọmọ ilé ìwé St. Gregory's College ní Ọbáléndé, tí wọ́n ti ń gbọ́ BLO àti ẹgbẹ́ MonoMono ti Joni Haastrup, ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Ofege. Odion Iruoje ti EMI gba orin wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé ìwé, àwo wọn sì gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n lọ. Mo rò pé èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Àwọn Clusters ti wo Beatles ṣe àwòkọ́ṣe; láàárín ọdún díẹ̀ péré, ọmọ ilé ìwé ní Èkó ti lè wo ẹgbẹ́ Èkó ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ìlà-oòrùn, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà: ogun àti àwọn ọmọ ogun ni ó bí púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ibẹ̀, bíi The Funkees ti Aba tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ológun. Ìtàn tiwọn tó kọ ní lọ́tọ̀.

BLO kúrò lọ́dọ̀ EMI, wọ́n lọ sọ́dọ̀ Decca, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń gbé àwo Ebenezer Obey jáde, wọ́n sì fi wọ́n sábẹ́ àmì Afrodisia. Níbẹ̀ ni Phase II, Step Three àti Phase IV ti jáde, kí ọdún 1976 tó parí. Orin náà yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó kúrú sí i, ó yá sí i, ó sì túbọ̀ ń wo ẹsẹ̀ àwọn oníjó. Àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì máa ń fi èyí bú wọn pé wọ́n ta ara wọn fún dísíkò, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí olórin fẹ́ jẹun. Bákan náà, bí ènìyàn bá fetí sí ìlù inú àwọn àwo yẹn dáadáa, yóò rí i pé Láolú kò fi ibi tó wà sílẹ̀. Gìtá ló yẹ̀ fún un. Ohun tó dun ẹgbẹ́ náà ju dísíkò lọ ni pé Odùmósù bọ́ sínú ẹgbẹ́ Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òkìkí wọn ti kàn ká ayé nígbà náà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Biddy Wright, ẹni tó mọ irinṣẹ́ púpọ̀ í lò, tó sì tún ṣe olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ fún àwọn ìbejì Líjàdù, ló wá dúró sí àyè rẹ̀. Ọ̀gá ni Wright, àmọ́ àdéhùn tó wà láàárín béèsì àti ìlù láti ìgbà Afrocollection kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn lè jogún.

Ẹgbẹ́ náà ń gbé àwo jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di ọdún 1982, lẹ́yìn èyí ni kálukú wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìtàn yìí dé ni mo ti fẹ́ fi àríyànjiyàn tèmi sí. Wọ́n ní rọ́ọ̀kì kú ní Èkó. Mo ní ó kó wọ sítúdíò. Láolú jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó di olùdarí ìgbohùnsílẹ̀, etí tí ó fi tú orin Beatles sí wẹ́wẹ́ ní 1966 ló sì gbé lọ síbẹ̀. Òun ló wà nídìí Ace, àwo tí Ṣínà Peters gbé jáde ní 1989, tó sọ afrojùjú di orin tí gbogbo ọ̀dọ́ ń jó. Ẹ tún àwo yẹn gbọ́, kí ẹ má fetí sí ohùn Ṣínà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fetí sí bí ìlù ṣe wà níwájú, tó mọ́ gaara, tó sì ń sáré láìdà rú, àti bí gìtá ṣe ń gé wọlé tó ń gé jáde. Jùjú àtijọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀. Onílù rọ́ọ̀kì ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbà á sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó agbo ijó tí BLO kò rí gbà ní 1973 wá bá ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Èmi fúnra mi kò gbọ́ BLO nígbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé. Ilé jùjú ni wọ́n ti tọ́ mi, bàbá mi kò sì ní orúkọ mìíràn fún irú orin yìí ju ariwo lọ. Ìran mi gbọ́ wọn nítorí pé ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó àṣàyàn orin wọn jọ sínú àwo kan ní 2001, tí Soundway náà sì tún kó àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa jọ ní 2008, BLO àti Ofege wà nínú wọn. Ó máa ń bí mi nínú díẹ̀ pé láti Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ra ohun tí wọ́n ṣe ní Èkó padà, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣe é, bóyá ni n bá máa kọ èyí.

Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù lè rí púpọ̀ nínú àwọn àwo wọ̀nyí lórí YouTube. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ Chapter One láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfo orin kankan. Kí ó wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú Phase II, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn olólùfẹ́ rọ́ọ̀kì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan dẹ́rù bà á. Bí ó bá ti fi etí mú ìlù Láolú nínú méjèèjì, kí ó gbé Ace sí i, kí ó sì sọ fún mi bóyá irọ́ ni mo pa.